Mo purọ́ nínú ọpẹ́ mi

1/
Thread yìí máa gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan jókòó lé. Ṣé ẹ rántí fídíò tí mo gbé síbí ní oṣù Bélú ọdún tó kọjá, èyí tí mo ti ń jó pẹ̀lú gèlè, nígbà tí àwọn tó ń tẹ̀lé mi pé 50,000? Ẹ rántí ohun tí mo kọ sábẹ́ ẹ̀? Mo ní, "Kò sí èèyàn kankan tó ràn mí lọ́wọ́. Ọlọ́run nìkan ló gbé mi débí." Ẹ ṣe àmín sí i, ẹ tún pín in kiri.

Irọ́ ni.

2/
Ẹ má tíì bínú. Mi ò sọ pé Ọlọ́run ò ṣe é o. Ọlọ́run ṣe é, mo sì ń dúpẹ́ títí dòní. "Kò sí èèyàn kankan" yẹn ni irọ́. Èèyàn kan wà. Mo mọ̀ pé ó wà nígbà tí mò ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọwọ́ mi tiẹ̀ dúró díẹ̀ lórí fóònù kí n tó fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá dárúkọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò ní dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. "Ọlọ́run nìkan" ló máa ń wọ àwọn èèyàn lára.

3/
Ọ̀rẹ́ mi ni. A jọ gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ní yunifásítì, nígbà tí a parí, a jọ gba yàrá kan ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò, mi ò ní kọ̀ǹpútà. Tirẹ̀ ni mo lò fún oṣù mẹ́jọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò, òun ló kọ́ mi. Fídíò 40 àkọ́kọ́ tí ẹ rí lójú ewé yìí, òun ló gé wọn, òun ló tún ohùn wọn ṣe, òun ló kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Kò gba kọ́bọ̀. Aago márùn-ún ìdájí ló máa ń jí mi pé kí n dìde ká ya fídíò, kí àwọn ará ilé tó tan jẹnẹrétọ̀.

4/
Nígbà tí fóònù mi já sínú omi ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá, ó yá mi ní 60,000 náírà. Mo dá 20,000 padà. Mo ní tó bá di ìparí oṣù, màá san 40,000 tó kù. Ìparí oṣù wo? Oṣù mẹ́rìnlá kọjá lórí "ìparí oṣù" yẹn. Láàárín ìgbà yẹn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, mo kó lọ sílé tèmi, mo ra kọ̀ǹpútà tuntun, mo ra iná tí wọ́n fi ń ya fídíò. Owó wà o. Mo kàn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni.

5/
Ó rí fídíò ọpẹ́ mi. Mo mọ̀, torí ó tẹ like. Kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti dákẹ́. Nígbà Kérésì, màmá mi bi mí pé, "Ọ̀rẹ́ ẹ tó máa ń bá wa gúnyán dà?" Mo ní iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó ráyè. Àwíjàre tí mo ní nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mò ń sọ fún ara mi pé ṣebí Ọlọ́run ló lò ó fún mi. Bí kì í bá ṣe òun, Ọlọ́run á lo ẹlòmíràn. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn létí bí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́.

6/
Ní oṣù Èrèlé ọdún yìí, oníbàárà kan gbé iṣẹ́ fún mi: kí n kọ ọ̀rọ̀ fún fídíò kúkurú mélòó kan lórí bí oríṣiríṣi ẹ̀sìn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ti àwọn Júù ni mo kọ́kọ́ mú, torí mo rò pé òun ló máa rọrùn jù. Ṣebí a jọ ń ka ìtàn Mósè àti Jósẹ́fù ni. Mo ní ọjọ́ méjì ni màá fi parí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò nídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo bá níbẹ̀ fún yín, ẹ máa wá rí bó ṣe kan ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi.

7/
Júù tó ń pa òfin ẹ̀sìn mọ́, bó bá ṣe lajú láàárọ̀, kó tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ọpẹ́ lọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá ẹ̀mí òun padà. Modeh Ani ni wọ́n ń pe àdúrà kékeré yẹn. Tó bá jẹ́ obìnrin, á ní Modah Ani. Ó wà nínú ìwé tí Rábì Moshe ben Machir ti ìlú Safed kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Venice ní 1599. Ohun tó mú mi lọ́kàn ni bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe tò. Ọpẹ́ ló ṣáájú, "èmi" ló tẹ̀ lé e. Mo lọ wo caption mi ogún tó kẹ́yìn. "Mo", "mo", "mo" ni gbogbo ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

8/
Wọ́n tún ní àdúrà ọpẹ́ tí wọ́n ń gbà tí wọ́n bá jáde ní ilé ìgbẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń dúpẹ́ pé ihò ara tó yẹ kó ṣí, ó ṣí, èyí tó yẹ kó dí, ó dí. Ó wà nínú Talmud, ìyẹn ìwé ńlá tí wọ́n kó àríyànjiyàn àwọn rábì àtijọ́ jọ sí, lórúkọ Abaye, ọ̀mọ̀wé kan ní Bábílónì. Ẹni tó bá ti bá èèyàn ẹ̀ dé ọsibítù rí torí pé kò lè tọ̀, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Inú Talmud yìí náà ni Rábì Meir ti sọ pé ó yẹ kí èèyàn yin Ọlọ́run nígbà 100 lójúmọ́. Ìgbà 100! Wọn kì í pa á pọ̀ sọ pé "ẹ ṣé fún gbogbo ẹ̀". Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dárúkọ ẹ̀: búrẹ́dì lọ́tọ̀, omi lọ́tọ̀, òórùn dídùn lọ́tọ̀.

9/
Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kan ohun tó dá mi dúró. Nínú èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dúpẹ́ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń jẹ́wọ́, orísun kan náà ni wọ́n ní. Hoda'ah ni ọpẹ́. Hoda'ah náà ni kí èèyàn gbà pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí. Vidui, ìyẹn ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ ìyá wọn ni. Ní Yorùbá, ọpẹ́ wà lọ́tọ̀, ìjẹ́wọ́ wà lọ́tọ̀. Mo fi fóònù sílẹ̀, mo rò ó. Tí mo bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ni mò ń sọ gan-an? Mò ń jẹ́wọ́ pé mi ò dá a ṣe. Mò ń jẹ́wọ́ pé mo jẹ ẹ́ ní nǹkan.

Ọpẹ́ tí kò ní ìjẹ́wọ́ nínú wá ń kọ́? Ijó lásán ni.

10/
Ẹ mọ Léà, ìyàwó Jákọ́bù tí ọkọ ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn. Nígbà tó bí ọmọ kẹrin, ó ní lọ́tẹ̀ yìí, òun máa yin Olúwa, ó sọ ọmọ náà ní Júdà. Inú ọ̀rọ̀ ọpẹ́ yẹn ni orúkọ náà ti jáde. Orúkọ Júdà yìí náà ni wọ́n sì ti mú "Júù". Gbogbo ẹni tí ẹ bá pè ní Júù, ẹ ti dárúkọ ọpẹ́ mọ́ ọn, bóyá ẹ mọ̀ tàbí ẹ ò mọ̀.

11/
Júdà yìí dàgbà, ó ṣe ohun tí kò dáa. Támárì, ìyàwó ọmọ ẹ̀, ti di opó. Júdà ṣèlérí ọmọ ẹ̀ tó kéré fún un, kò mú un ṣẹ. Támárì wá bo ojú, Júdà bá a lò pọ̀ lójú ọ̀nà láì mọ̀ pé òun ni. Nígbà tí oyún yọ, Júdà ní kí wọ́n mú un jáde kí wọ́n dáná sun ún. Támárì ò pariwo. Ó fi èdìdì, okùn àti ọ̀pá tí Júdà fi dógò ránṣẹ́ sí i, ó ní kó wò wọ́n dáadáa, bóyá ó dá wọn mọ̀. Júdà lè sẹ́ o. Ta ló máa bi í? Ṣùgbọ́n ó gbà ní gbangba pé obìnrin náà jàre òun. Ẹni tó ń jẹ́ ọpẹ́ náà ló jẹ́wọ́.

12/
"Dá mọ̀" tó wà nínú ìtàn yẹn tún gbé mi lọ síbòmíràn. Nínú èdè Hébérù, orísun ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n ti mú hakarat hatov, ìyẹn kí èèyàn dá oore mọ̀. Ẹ tún un kà. Kéèyàn mọ oore. Ìmoore! Ọmọ, àwa náà ní i! Èmi tí mò ń ṣe fídíò lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá láti ọdún méjì, mi ò tú ọ̀rọ̀ yẹn wò rí. A ò pe aláìmoore ní ẹni tí kò kí "ẹ ṣeun". Ẹni tí kò mọ oore là ń pè é: oore wà níwájú ẹ̀, ó ń wò ó, ó ní òun ò rí i. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọ́n pè mí lólè, wọn ò sì parọ́.

13/
Nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ sọ odò Náílì di ẹ̀jẹ̀, Áárónì ló fi ọ̀pá lu omi. Kí ló dé tí kì í ṣe Mósè? Rashi, ọ̀mọ̀wé ará Troyes ní ilẹ̀ Faransé tó kú ní 1105, mú àlàyé àwọn rábì tó ṣáájú ẹ̀ wá: odò yẹn ló gba Mósè là nígbà tó wà ní ìkókó nínú apẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí ọwọ́ Mósè lù ú. Omi lásán o! Omi ò ní bínú, omi ò tiẹ̀ mọ̀. Ara Mósè ni wọ́n ń ṣọ́, kó má di ẹni tó ń gbàgbé. Èmi wá ń ronú nípa kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi, èyí tí lẹ́tà A ẹ̀ ti yọ, tí mo máa ń bú pé ó lọ́ra.

14/
Ibi tó ká mi mọ́ jù ni ti ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ben Zoma. Talmud ní ó rí ogunlọ́gọ̀ èèyàn lórí òkè Tẹ́ḿpìlì ní Jerúsálẹ́mù, ó sì yin Ọlọ́run tó dá gbogbo wọn láti máa ṣiṣẹ́ fún òun. Ó wá ń ka iṣẹ́ tí Ádámù ní láti ṣe kó tó rí búrẹ́dì jẹ: ó túlẹ̀, ó gbin ọkà, ó kórè, ó pa á, ó fẹ́ ẹ, ó lọ̀ ọ́, ó kù ú, ó pò ó, ó yan án. Òun Ben Zoma, ó kàn jí láàárọ̀, ó bá gbogbo ẹ̀ nílẹ̀ ní sẹpẹ́. Ẹ kíyè sí i: Ọlọ́run ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ló ń kà. Bó ṣe ń ka ọwọ́ àwọn èèyàn náà ni ọpẹ́ ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Èmi ní tèmi, Ọlọ́run ni mo fi pa èèyàn rẹ́.

15/
Ben Zoma tún sọ̀rọ̀ nípa àlejò. Àlejò tó mọ oore á máa ṣírò wàhálà tí onílé ṣe: ẹran tó pọ̀ tó yìí, wáìnì, oúnjẹ lóríṣiríṣi, torí tèmi! Àlejò burúkú á ní kí ló tiẹ̀ ṣe? Búrẹ́dì kan, ẹran kan, ife kan ni mo kúkú jẹ mu. Torí ìyàwó àti àwọn ọmọ ẹ̀ ló ṣe sè é. Ojú tì mí. Mo ti sọ irú ẹ̀ rí. Mo ti sọ fún ẹlòmíràn pé, "Òun náà jèrè níbẹ̀ jàre, ṣebí ara fídíò mi ló fi kọ́ṣẹ́." Bẹ́ẹ̀ òun ló kọ́ mi.

16/
Ẹ tún padà sí Ádámù lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí Ọlọ́run bi í nípa èso, ó ní obìnrin tí Ọlọ́run fún òun ló fún òun jẹ. Ohun tí a mọ̀ ọ́n sí ni pé ó ń ti ẹ̀bi sọ́rùn ẹlòmíràn. Rashi ní ibẹ̀ gan-an ló ti sẹ́ oore. Ọlọ́run fún un ní ẹnì kejì, ó sọ ẹ̀bùn di ẹ̀sùn. Ìgbà yẹn ló yé mi pé àìmoore àti kéèyàn máa sá fún ẹ̀bi ara ẹ̀, àìsàn kan náà ni. Ádámù ní ìwọ Ọlọ́run lo fà á. Èmi ní ìwọ Ọlọ́run lo ṣe é. Àwa méjèèjì ń fi orúkọ Ọlọ́run sá fún ohun tó wà lọ́rùn wa.

17/
Rábì Hanina ní ọ̀rọ̀ kan nínú Talmud tí mo kọ mọ́ ara ògiri mi, ní èdè tèmi: gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n bóyá a máa bẹ̀rù ẹ̀ tàbí a ò ní bẹ̀rù ẹ̀, ọwọ́ tiwa nìyẹn wà. Ó dáa. Kí èèyàn 50,000 máa tẹ̀ lé mi, mi ò lè fi agbára mi ṣe é, mo gbà. Kí n dá 40,000 náírà padà ńkọ́? Áńgẹ́lì wo ló máa bá mi ṣe ìyẹn?

18/
Mo wá kan ìtàn tí mo ti ń gbọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Jósẹ́fù túmọ̀ àlá fún agbọ́tí Fáráò nínú ẹ̀wọ̀n, ó bẹ̀ ẹ́ pé tó bá dáa fún un, kó rántí òun. Ó dáa fún agbọ́tí, ó gbàgbé. Ọdún méjì gbáko. Ọjọ́ tó wá rántí, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún Fáráò ni pé òun rántí ẹ̀ṣẹ̀ òun lónìí. Kò lè dárúkọ olóore ẹ̀ láì dárúkọ ẹ̀bi ara ẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó gún mi lọ́kàn ni pé ní gbogbo ọdún méjì yẹn, Jósẹ́fù ṣì wà lẹ́wọ̀n. Mo bi ara mi: láti oṣù mẹ́rìnlá, báwo ni ọ̀rẹ́ mi ṣe wà? Mi ò mọ̀. Mi ò bi í.

19/
Mo mú fóònù, mo ṣí áàpù báǹkì. 40,000. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdí, mo kọ "Thank you dear." Ìka mi ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ohun tí mo kà lọ́jọ́ náà gan-an ò jẹ́ kí n ṣe é. Tí àwọn Júù bá ń gbàdúrà ní sínágọ́gù, tí aṣáájú bá ń tún àdúrà tí wọ́n ń pè ní Amidah kà, àmín ni ìjọ máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá dé ibi ọpẹ́, olúkúlùkù á tẹrí ba, á fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́. David Abudarham ará Seville, ní ọ̀rúndún 14, ṣàlàyé ìdí ẹ̀: èèyàn lè rán aṣojú pé kó bá òun tọrọ nǹkan, kò lè rán an pé kó bá òun dúpẹ́.

Mo pa áàpù náà dé. Báǹkì ni mo fẹ́ rán lọ dúpẹ́.

20/
Àwọn Júù ní ọjọ́ kan lọ́dún tí wọ́n ń pè ní Yom Kippur, ọjọ́ ààwẹ̀ àti ètùtù. Mishnah, tó dàgbà ju Talmud lọ, sọ ọ́ láì fi bò: ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́run, ọjọ́ yẹn lè wẹ̀ ẹ́ nù. Èyí tó wà láàárín ìwọ àti ẹnì kejì ẹ, kò ní wẹ̀ ẹ́ nù àfi tí o bá lọ tù ú nínú. Maimonides, tó kú ní Íjíbítì ní 1204, tún là á yé wa pé ká tiẹ̀ ti san owó tí a jẹ, a ṣì gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì wá. Ẹ ò rí nǹkan! Mo ti sunkún níwájú Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ yìí rí, àní pẹ̀lú ààwẹ̀. Ilé ẹlòmíràn ni mo ti ń kan ilẹ̀kùn. Ọlọ́run kọ́ ló ni 40,000.

21/
Mo pè é. Ó gbé e. Mo ní mo fẹ́ wá kí i. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé mo ti kó lọ sí Abẹ́òkúta?"

Mi ò mọ̀.

Mo wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí mo dé, mo kúnlẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wá o, ọjọ́ ìbí wa ò ju oṣù mẹ́ta síra lọ. Ó ní, "Dìde, má ṣe fíìmù fún mi." Mo dìde. Mo kó 40,000 lé tábìlì. Ó kà á. Ó ní, "Ó pé." Mo wò yíká yàrá ẹ̀, mo béèrè, "Kọ̀ǹpútà ẹ dà?"

22/
Ó ti tà á. Bàbá ẹ̀ ṣubú lulẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà, apá kan ara wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, owó ọsibítù ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tó fi padà sílé. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ọ̀wàrà ló ta kọ̀ǹpútà tí mo fi di èèyàn. Bélú ni mo wé gèlè, tí mo ní kò sí èèyàn kankan.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó, pé ká ní mo mọ̀ ni. Ó dá mi lẹ́kun. Ó ní, "Kì í ṣe owó yìí ló dùn mí. O lè má ní, mo mọ bí nǹkan ṣe rí. Ṣùgbọ́n o ní kò sí èèyàn kankan. Èmi wá ńkọ́? Ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

23/
Mi ò ní èsì. Gbogbo ohun tí mo ti kà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí èyí tó wá sẹ́nu mi. Mo kàn ní, "Irọ́ ni mo pa. O wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́." Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Mo gbọ́." Kò ní òun ti dárí jì mí. Ó fún mi lómi mu, mo lọ kí bàbá ẹ̀, mo padà sí Ìbàdàn. Mo rò pé ara máa fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

24/
Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, mo tún lọ. Mo ní mo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún un. Ó ní rárá, òun ò fẹ́ ẹ̀bùn lọ́wọ́ mi; tí mo bá ní iṣẹ́, kí n gbé iṣẹ́ wá, kí n san owó ẹ̀ bí mo ṣe ń san án fún ẹlòmíràn. Ó wá sọ gbólóhùn kan tó bá mi wọ ọkọ̀ padà sílé: "Ojú èèyàn 50,000 lo ti sọ ọ́. Etí èmi nìkan lo wá ń bẹ̀."

Kò ka Maimonides rí. Mo kà á, mo sì fò ó kọjá, torí kò bá mi lára mu. Maimonides ní ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín èèyàn àti Ọlọ́run, kò yẹ ká máa kéde ẹ̀. Èyí tí a ṣẹ èèyàn ẹgbẹ́ wa, ohun iyì ni kí a jẹ́wọ́ ẹ̀ ní gbangba.

25/
Ìdí nìyí tí ẹ fi ń ka thread yìí. Mo bi í bóyá kí n dárúkọ ẹ̀, ó ní rárá, kí n fi ewé mi jẹ́ ewé mi. Kí n tó gbé e síbí, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó yọ gbólóhùn méjì, ó sì tún àmì ohùn mẹ́rin ṣe. Kò lè fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, ṣé ẹ rí i?

Mi ò ní pa fídíò gèlè yẹn rẹ́. Mo máa so thread yìí mọ́ ọn, kí ẹni tó bá rí irọ́ rí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

26/
Ó yá, mo fẹ́ tún ọpẹ́ mi dú. Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ fún ọ̀rẹ́ mi tó yá mi ní kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́jọ. Mo dúpẹ́ fún fídíò 40 tó gé láì gba kọ́bọ̀. Mo dúpẹ́ fún aago márùn-ún ìdájí. Mo dúpẹ́ fún 60,000 náírà. Mo dúpẹ́ fún omi tó fún mi mu nígbà tí kò pọn dandan kó fún mi. Mo jẹ́wọ́ pé mi ò dá a ṣe, mo sì jẹ́wọ́ pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo purọ́.

27/
Àwọn kan máa ní ṣé mo ti di Júù ni. Rárá o, ṣọ́ọ̀ṣì mi ṣì mọ̀ mí. Mo kàn kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún tó pọ̀. Ohun tí mo sì rí kọ́ yìí, ilé wa náà ni mo tún ti bá a. Ṣebí Yorùbá náà ló ń jí lọ́jọ́ kejì lọ kan ilẹ̀kùn olóore pé "ẹ ṣeun àná". Ẹsẹ̀ ẹni la fi ń lọ. A kì í fi gèlè jó o sójú ayé, ká fi olóore sílẹ̀ nílé.

28/
Maimonides tún ní bí èèyàn ṣe máa mọ̀ pé òun ti yí padà ni pé kí irú ọ̀rọ̀ náà tún ṣẹlẹ̀, kó sì wà ní ìkáwọ́ ẹ̀ láti tún un ṣe, kó má ṣe é. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ mi. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pé 100,000 níbí, ẹ ka caption mi dáadáa.

29/
Ó ku ẹyọ kan. Ó ní tí ẹni tí a ṣẹ̀ ò bá gbà, ká kó èèyàn mẹ́ta lọ bẹ̀ ẹ́, ká tún lọ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Tó bá ṣì kọ̀, ká fi í sílẹ̀. Àyàfi tó bá jẹ́ olùkọ́ ẹni. Ti olùkọ́, ká máa lọ títí, kó tiẹ̀ jẹ́ ìgbà 1,000, títí yóò fi dárí jì wá. Olùkọ́ ẹ̀sìn ló ní lọ́kàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mò ń jẹ yìí?

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti lọ. Mo ti san owó ọkọ̀ Abẹ́òkúta ti Sátidé yìí. Ọ̀rẹ́ mi, tí o bá ń ka èyí: o ṣeun. Mo jẹ ọ́. Mò ń bọ̀.